Eyín Nínú Àpò Lẹ́tà

Ọjọ́ kejì tí mo dé ọ́fíìsì àwọn ọmọ ní Harlow Fork,
láàárín àwọn òkè Wẹ́sìtì Fàjíníà,
wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán,
àti ọmọ mọ́kànlélógójì.
"Ti Rhoda ni wọ́n," ni ọ̀gá wí. Kò gbójú sókè.
Kí wọ́n tó di ti Rhoda, ti Teague ni wọ́n.
Teague ti lọ ń ta táyà. Wọ́n ní ó ń rí oorun sùn báyìí.

Ẹ ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Ẹ wá kà wá: àga mẹ́sàn-án, àgbà méjì.
Èwo nínú orí wọ̀nyí ni ká kọ́kọ́ gbé dúró?
Lóru àná, ọmọ méjì sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa
torí kò sẹ́ni tó ráyè wá ilé fún wọn.
Àpò ìdọ̀tí dúdú ni wọ́n kó aṣọ wọn sí.
Èyí àbúrò gbá tirẹ̀ mọ́ra bí ìrọ̀rí.

Nínú dúrọ́ọ̀ Rhoda mo rí píìnì, suwíìtì tó ti yọ́,
ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mẹ́ta tí kò fi ránṣẹ́,
àti àpò lẹ́tà kan tó fúyẹ́ bí òfìfo.
Mo mì ín. Ó dún ṣẹ́kẹ́.
Eyín ọmọdé ni.
Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà:
FÚN TANSY. LÁTI ỌWỌ́ CORBIN.
ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ Ń LỌ.

Mo ṣí fáìlì Corbin Stiltner.
Ọmọ ọdún méje ni lójú ìwé àkọ́kọ́;
ó ti pé mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó tún un kọ.
Adájọ́ pàṣẹ: kí òun àti àbúrò rẹ̀ máa rí ara wọn lóṣooṣù.
Oṣù kìíní: yìnyín dí ọ̀nà.
Oṣù kejì: kò sí awakọ̀.
Oṣù kẹta: Teague ti lọ.
Lẹ́yìn náà, ojú ìwé funfun báláú.
Inú funfun yẹn ni ọmọ náà ń gbé.

Mo pe Oleta Crum, alágbàtọ́ rẹ̀.
"Ìwọ lo ṣìkeje," ni ó wí.
"Jọ̀ọ́, bí o kò bá ní pẹ́, má sọ orúkọ rẹ fún un.
Ó ń kó orúkọ yín jọ bí ẹni ń ṣa ìdérí ìgò.
Bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru, ó máa ń kà wọ́n."

Kò sẹ́ni tó ń sanwó epo ọjọ́ Sátidé.
Mo ra epo, mo fi eyín sí àpò àyà mi, mo wakọ̀.
Ọ̀nà wé mọ́ òkè bí ọ̀já tí wọ́n gbàgbé láti so.
Mo kọjá kòtò èédú tó ti kú, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà,
ilé tí fáìlì sọ pé Tansy wà (kò sí níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá),
kí n tó dé ibi tó wà gan-an.

Ó gbé eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.
"Ó kéré," ni ó wí. "Ṣé ó ti hu òmíràn?"
Mi ò mọ̀. Fáìlì ò mọ̀.
Ó ti ìka bọ ẹnu, ó ń mi ọ̀kan síwá sẹ́yìn.
"Èyí náà máa yọ. Ta ni n ó gbé e fún?"

Mo ní, "Èmi."
Ọ̀rọ̀ kan péré. Títí mo fi délé, ó ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fa ìwé tí mo ti kọ dé ìdajì ya.
Mo tún ṣa àjákù rẹ̀ jọ,
mo kó o sínú dúrọ́ọ̀.